Ọjọ́ Mẹ́rin ní Róòmù: Bí Ẹ Ṣe Máa Tò Ó Láti Orí Físà Dórí Oúnjẹ

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ lọ wo Róòmù, kí la máa kọ́kọ́ ṣe?" Kí wọ́n tó béèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sanwó bàlúù, wọ́n ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, pápá ìjà àtijọ́ ìlú náà, ni wọ́n wá ń wá kiri. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sì ti tán. Ìlú náà kò le láti rìn rárá. Ohun tó yẹ kó ṣáájú tí a fi ṣe ìkẹyìn ló ń dààmú èèyàn.

Torí náà mo to gbogbo rẹ̀ síbí bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra, fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin, tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà àti nǹkan àtijọ́, tó sì fẹ́ jẹun kó yó. Bóyá Èkó lẹ ti ń bọ̀ ni o, bóyá London ni, ọ̀nà kan náà ni.

## Físà ló ṣáájú

Ẹ má san owó kankan tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Bàlúù àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà kí èèyàn fagi lé ni kí ẹ mú.

1. Físà Schengen ni ẹ máa gbà, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kódà bó bá ti ń gbé London fún ọdún mẹ́wàá, ó ní láti gbà á. Ìwé ìgbélùú Britain kò ṣílẹ̀kùn Ítálì fún ẹnikẹ́ni. Ìdí káńtà bàlúù ni àwọn kan ti ń gbọ́ ọ.
2. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ẹ má jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ o, torí àyè láti wá fi ìwé sílẹ̀ gan-an máa ń wọ́n.
3. Ẹ yẹ pásípọ́ọ̀tù wò: kó ṣì ní oṣù 3, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, kó ní ojú ewé 2 tó ṣófo, kó má sì tíì ju ọdún 10 lọ tí wọ́n ti ṣe é.
4. Owó físà jẹ́ yúrò 90 fún àgbà, yúrò 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Bí wọn ò bá fún yín ní físà, owó yẹn lọ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba ìwé lè bù tiẹ̀ lé e.
5. Ẹ ra ìṣúrànsì ìrìn àjò tó lè san tó yúrò 30,000 bí àìsàn bá dé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí: owó ńlá tó ṣàdédé wọ àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ẹ yá a ni. Owó oṣù tó ń wọlé déédéé fún oṣù mélòó kan ṣeé gbà gbọ́ jù ú lọ, bó tilẹ̀ kéré.

Láti oṣù October 2025, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ ti ń ya fọ́tò èèyàn, wọ́n sì ń yẹ ìtẹ̀ka rẹ̀ wò nígbà àkọ́kọ́ tó bá wọlé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlà yẹn. Ẹ má ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì ibi kankan sí wákàtí méjì lẹ́yìn tí bàlúù bá balẹ̀.

## Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó máa to ọjọ́ yín fún yín

Bí físà bá ti jáde, ẹ má tíì sanwó òtẹ́ẹ̀lì pátápátá. Ibi mẹ́ta yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè sí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ni ẹ máa wá to gbogbo nǹkan tó kù yí ká.

Colosseum. Orí ìkànnì ìjọba, ticketing.colosseo.it, ni kí ẹ ti rà á. Bó bá ku ọjọ́ 30 ni wọ́n ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì jáde, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì wà nídìí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yúrò 18 ni tíkẹ́ẹ̀tì gbogboògbò, ó sì kó Forum, ìyẹn ojúde àtijọ́ ìlú Róòmù, àti òkè Palatine mọ́ra. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ kọ, torí wọ́n máa ń fi wé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ Oluwaseun ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má kọ Seun.

Mùsíọ̀mù Vatican. Yúrò 20, ẹ ó sì fi 5 kún un bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ san 5 yẹn. Ìlà àwọn tí kò gbà á sílẹ̀ máa ń fẹ̀yìn ti ògiri lọ títí nínú oòrùn. Ìkànnì wọn parí sí .va, museivaticani.va. Bí ẹ bá rí òmíràn tó jọ ọ́ tí owó rẹ̀ fi ìlọ́po méjì ju ti wọn lọ, alágbàtà ni.

Galleria Borghese. Mùsíọ̀mù iṣẹ́ ọnà ni. Èyí ni àwọn èèyàn wa máa ń gbàgbé, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju méjì yòókù lọ. Kò sí pé ẹ kàn máa dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀, wákàtí méjì ni wọ́n sì ń fún èèyàn. Wọ́n ń tì í lọ́jọ́ Ajé.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá ti tán, ẹ má bá alágbàtà ojú pópó dúnàádúrà. Ẹ lọ sí mùsíọ̀mù Palazzo Massimo, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Termini. Ère idẹ ọkùnrin abẹ̀ṣẹ́ kan wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Bàbà pupa ni wọ́n fi ṣe ètè rẹ̀ àti ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí apá àti itan rẹ̀, bàbà pupa náà ni. Etí rẹ̀ ti wú. Ẹni tó bá ti dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ rí á mọ irú ọwọ́ tó ṣe nǹkan báyìí. Ìlà kì í sì í gùn níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Colosseum àti àwọn mùsíọ̀mù ìjọba. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Vatican. Èrò ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe kékeré. Ẹni tó rìnrìn àjò láti ọ̀nà jíjìn, tó ní ọjọ́ mẹ́rin péré, kò gbọ́dọ̀ fi òwúrọ̀ kan ra ọ̀fẹ́.

## Ilé tí ẹ máa sùn sí

Ẹ wá ibi tó sún mọ́ ìlà A tàbí B ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Owó orí àlejò wà tí òtẹ́ẹ̀lì máa gbà fún ìlú, orí kọ̀ọ̀kan, alẹ́ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó yàrá. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé wọ́n ń yan àwọn jẹ ni. Òfin ìlú ni, ẹ ṣètò rẹ̀ sílẹ̀.

## Láti pápákọ̀ òfurufú wọ ìlú

1. Ní pápákọ̀ Fiumicino, ẹ tẹ̀ lé àmì ọkọ̀ ojú irin. Leonardo Express máa gbé yín dé Termini ní ìṣẹ́jú 32, yúrò 14. Bó bá jẹ́ apá Trastevere tàbí Ostiense lẹ ń lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin FL1, yúrò 8 ni.
2. Bí ẹrù bá pọ̀ tàbí tí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ wọ takisí funfun níbi tí wọ́n ti ń tò. Ìjọba ìlú ti dá iye kan lé ìrìn láti pápákọ̀ dé àárín ìlú, wọ́n sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ ka iye náà kí ẹ tó wọlé. Ẹni tó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn tó ń sọ pé "takisí, takisí," ẹ má dá a lóhùn.
3. Nínú ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì yúrò 1.50 wúlò fún ìṣẹ́jú 100: bọ́ọ̀sì bí ẹ bá ṣe fẹ́, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ lè fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ dípò rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì bébà tí ẹ kò bá fi sẹ́nu ẹ̀rọ nínú bọ́ọ̀sì, bí ẹni tí kò sanwó lẹ rí lójú òfin, ìtanràn sì ń bọ̀.

## Ọjọ́ mẹ́rin, bí mo ṣe máa ń tò ó

Ọjọ́ kìíní: ẹ kàn máa rìn. Ara ṣì ń ro yín, ẹ má ṣe ju ibi méjì lọ. Pantheon ni àkọ́kọ́, yúrò 5. Ayé olú ọba Hadrian ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì ti tó ọdún 1,900. Òrùlé rẹ̀ dà bí igbá ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ látilẹ̀ dọ́gba, nǹkan bíi mítà 43. Ihò kan wà láàárín òrùlé náà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má sá lọ. Inú ilé ló ń rọ̀ sí, ẹ ó sì rí àwọn ihò wẹẹrẹ nílẹ̀ tó ń gbé omi lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba apá òsì lọ títí dé yàrá àdúrà tó sún mọ́ pẹpẹ jù. Òkùnkùn lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ wá àpótí kékeré tó wà fún iná, ẹ ju owó ẹyọ sí i, àwòrán mẹ́ta tí Caravaggio yà nípa Mátíù láàárín 1599 sí 1602 á yọ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ti apá òsì: àwọn agbowó-orí jókòó yí tábìlì ká, owó wà lórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gba orí Jésù wọlé láti apá ọ̀tún. Jésù nawọ́. Bàbá onírùngbọ̀n kan náà nàka, bí ẹni ń sọ pé, "Èmi kẹ̀?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka owó kò tilẹ̀ gbójú sókè. Kí ẹ tó wò ó tán, iná á kú. Ẹ kó owó ẹyọ dání.

Ọjọ́ kejì: Colosseum. Wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kí ẹ mú. Ọdún 80 Sànmánì Kristẹni ni olú ọba Titus ṣí i. Ẹ má lo gbogbo agbára yín níbẹ̀, torí Forum àti Palatine gbòòrò, ibòji kò sì pọ̀. Nínú Forum, ẹ wá ẹnu ọ̀nà aláràbarà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 203 fún Septimius Severus. Leptis Magna ni wọ́n bí i, ní Líbíà òde òní. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló jọba lórí Róòmù, mo sì máa ń rí i dájú pé àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo bá mú wọn débẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro in Vincoli. Ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má lọ láàárín agogo 12:30 sí 3:00: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Róòmù máa ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, àìmọye àlejò ló sì ń bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ọjọ́ kẹta: Vatican. Kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ Rú bí ẹ bá fẹ́ wọ Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ láàárọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni Póòpù ń gba èrò. Ẹni tó bá fẹ́ rí Póòpù gan-an, ọjọ́ Rú ni kó mú, tàbí kó lọ sí ojúde Bàsílíkà náà ní agogo 12 ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àwọn mùsíọ̀mù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Sistine ló gbẹ̀yìn wọn, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ bá ara yín wá ìjókòó létí ògiri, kí ẹ tó gbójú sókè; ọrùn máa ń dun ẹni tó wà lórí ìdúró. 1508 sí 1512 ni Michelangelo fi ya òrùlé, ó sì padà wá ya ògiri Ìdájọ́ Ìkẹyìn láàárín 1536 sí 1541. Bàsílíkà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Àtẹ̀gùn 551 ló wà dé òkè òrùlé rẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó wọ ẹ̀rọ agbénisókè dé ìdajì, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó kù níwájú ṣì lé ní 300, ó há, ó sì dagun.

Nípa aṣọ: èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò, ọkùnrin àti obìnrin. Èmi máa ń ká ìró ankara kan sínú àpò. Ó bo èjìká, ó bo orúnkún, ó di aṣọ ìjókòó nígbà tí ẹsẹ̀ bá rò. Wọ́n ti dá àbúrò mi padà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ rí nítorí síkẹ́ẹ̀tì. Ìró yẹn ló ró mọ́ ọn tó fi wọlé.

Ọjọ́ kẹrin: Borghese láàárọ̀, àdúgbò Testaccio lọ́sàn-án. Ní Borghese, ẹ máa fi àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dé ṣáájú àkókò yín. Ẹ lọ sídìí àwọn ère tí Bernini gbẹ́. Òkúta mábù ni Daphne, ọmọbìnrin inú ìtàn àtijọ́ tó di igi, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti ń hu ewé, èèpo igi ti ń bo itan rẹ̀, ewé ọ̀hún fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Ẹ yí ère náà po pátá. Láti ẹ̀yìn, igi lẹ máa kọ́kọ́ rò pé ẹ ń wò.

## Oúnjẹ

Àwọn ará Róòmù kì í jẹun nígbàkigbà. Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ láti nǹkan bí agogo 12:30 sí 2:30, ti alẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di 7:30. Bí ebi bá pa yín ní agogo 5, ẹ lọ ra píṣà tí wọ́n ń gé tà ní ìwọ̀n, tàbí supplì: ìrẹsì inú ọbẹ̀ tòmátò tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú rẹ̀, tí wọ́n wá dín. Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Láàárọ̀, kọfí àti búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ń pè ní cornetto. Orí ìdúró nídìí káńtà ni kí ẹ ti mu ún, bí àwọn náà ṣe ń ṣe. Bí ẹ bá jókòó, owó lè di ìlọ́po méjì.

Oúnjẹ mẹ́rin tí wọ́n fi sùpàgẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹbí rẹ̀ sè ni ìlú náà fi ń yangàn: cacio e pepe, gricia, carbonara, amatriciana. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí síbí: mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní guanciale wà nínú rẹ̀. Cacio e pepe nìkan ni wàràkàṣì àti ata dúdú lásán. Gbólóhùn tí ẹ fẹ́ ni "senza maiale", ìyẹn ni pé kó má sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ní àdúgbò àwọn Júù, àwọn ilé oúnjẹ tó ń tẹ̀ lé òfin ẹ̀sìn Júù kì í se ẹlẹ́dẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tì láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di àṣálẹ́ Sátidé. Ẹ jẹ carciofi alla giudia níbẹ̀, ewébẹ̀ tó rí bí òdòdó tí kò tíì là, tí wọ́n dín títí tí ewé rẹ̀ fi ń rún wọmùwọmù lẹ́nu. Mọ́ṣáláṣí ńlá Róòmù, tí wọ́n ṣí ní 1995, wà ní ìhà àríwá ìlú.

Wàyí o, Testaccio. Ilé ìpẹran ìlú wà níbẹ̀ títí di 1975. Ẹran gidi ń lọ sílé àwọn olówó. Orí, ẹsẹ̀, ìrù àti inú ẹran ló ń tẹ àwọn apẹran lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi san owó iṣẹ́ fún wọn. Àwọn aya wọn ló sọ ọ́ di oúnjẹ tí ayé wá ń wá jẹ. Trippa alla romana ni ẹ béèrè. Ṣàkì ni. Wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sè é pẹ́ nínú tòmátò, wọ́n fi ewé míǹtì àti wàràkàṣì pecorino sí i lórí. Ó rọ̀, ó ṣì ní ìjà díẹ̀ lábẹ́ eyín bí ṣàkì tó jinná dáadáa ṣe máa ń rí. Coda alla vaccinara ni ìrù màlúù, tí ẹran rẹ̀ ń bọ́ lára egungun. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì sábà máa ń wà nínú ìyẹn, ẹ béèrè. Kò sí èyí tó máa ta nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ata, ẹ sọ pé "peperoncino".

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí oúnjẹ ilé, ọjà Esquilino wà lẹ́bàá Termini. Ẹ ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa wò lórí ìwé oúnjẹ:

- Bí wọ́n bá kọ "l'etto" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, owó gíráàmù 100 péré nìyẹn. Ní ìrìn àkọ́kọ́ mi, mo jókòó sí ilé oúnjẹ kan lójúde tí èrò pọ̀ sí, mo rò pé owó ẹja odindi ni. Ohun tí mo san lálẹ́ yẹn tó owó oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dá owó lé e kí wọ́n tó sè é.
- "Pane" ni owó búrẹ́dì. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ kí wọ́n gbé e lọ.
- Owó ọpẹ́ kì í ṣe dandan.
- Ilé oúnjẹ tó bá fi fọ́tò oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹnì kan ń fa èèyàn wọlé, ẹ kọjá lọ.

Ẹ má ra omi. Ẹ̀rọ omi ojú pópó tí wọ́n ń pè ní nasone lé ní 2,000 káàkiri ìlú, omi rẹ̀ mọ́, ó tutù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, omi á tú sókè láti ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó sì mu ún láìtẹ̀ ba.

## Jàgùdà àti ìtanràn

Bọ́ọ̀sì 64 àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ìlà A ni jàgùdà pọ̀ sí jù. Àpò yín gbọ́dọ̀ wà níwájú àyà. Fóònù kò gbọ́dọ̀ wà ní àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ẹni tó bá fẹ́ so okùn mọ́ yín lọ́wọ́, tó ní ẹ̀bùn ni, tó ń pè yín ní arákùnrin, ẹ fà ọwọ́ yín padà kí ẹ sì máa lọ. Bó bá ti so ó tán, owó ló kàn. Ẹ má jókòó lórí àtẹ̀gùn Piazza di Spagna, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi Trevi. Ìtanràn wà fún méjèèjì. Bí ọ̀ràn bá dé, ẹ pe 112.

## Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ yẹ àpò wò

- Pásípọ́ọ̀tù, àti ẹ̀dà rẹ̀ nínú àpò míì
- Ìwé ìṣúrànsì àti ìwé òtẹ́ẹ̀lì, ní bébà, torí aṣọ́bodè lè béèrè
- Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn, pẹ̀lú orúkọ tó bá pásípọ́ọ̀tù mu
- Bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Òkúta kéékèèké ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà, bàtà tuntun á bó yín
- Orí púlọ́ọ̀gì ti Yúróòpù, torí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kò wọ ibẹ̀
- Ìgò omi tó ṣófo
- Owó ẹyọ fún iná Caravaggio
- Ìró ankara kan